Kẹ̀kẹ́ Tí Yóò Gbé Yín Dé Ibi Iṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ tòkunbọ̀, kò tíì di kẹ̀kẹ́ iṣẹ́. Ọ̀dà tó mọ́ lóló, eré òpin ọ̀sẹ̀, tàbí ọ̀nà orí òkè ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é. Wọn ò ro ti ẹni tó máa gùn ún láti Ìjókò lọ sí ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, tí abọ́ oúnjẹ àti aṣọ iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí tírélà sì ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú bó ṣe ń kọjá. Orí ìwé yìí dá lórí bí ẹ ṣe máa sọ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ di ohun tó ṣeé gbára lé, láti ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin títí dé ìgbà ọyẹ́.

Ọ̀nà ibi iṣẹ́ yẹn kò jìnnà tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Covenant University wà ní kìlómítà 10 lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, Bells University of Technology sì wà ní kìlómítà 8. Ẹni tí kò kánjú, tó ń lọ ní kìlómítà 15 ní wákàtí kan, máa fi ìṣẹ́jú 40 rin kìlómítà 10. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá há mọ́ra lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó, ẹni tó jókòó sínú dáńfó lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kúrò lójú kan. Kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ń lé àwọn ènìyàn kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Ẹrẹ̀ ni, táyà tó ń jò ní gbogbo ìgbà ni, ẹ̀rù tírélà ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ohun tí a lè ṣe sí i.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun mọ́ kẹ̀kẹ́ yín, ẹ bi ara yín pé: bí èyí bá bàjẹ́ láago méje àárọ̀ lọ́nà ibi iṣẹ́, ta ló máa bá mi tún un ṣe? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó darí owó yín. Àgbègbè wa kún fún ọ̀kadà. Honda pàápàá ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to alùpùpù pọ̀ ní Ọ̀tà. Nítorí náà, díẹ̀ ni ìkóríta tí ẹ kò ti ní rí fọ́kanáísà, wẹ́dà, àti mẹkáníìkì ọ̀kadà tó ní sípánà gbogbo. Kẹ̀kẹ́ tó bá lè jàǹfààní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló bá ibí yìí mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ yẹra fún bíréèkì díìsìkì tó ń lo òróró, fún ṣọ́kù tó wà níwájú àti láàárín, àti fún jíà tó pọ̀ jù. Wọ́n dára níbi tí ohun èlò wọn wà. Níbí, ọjọ́ kan tí wọ́n bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ilé ni kẹ̀kẹ́ máa wà fún oṣù kan.

Bó bá jẹ́ férémù ni ẹ ń yàn, irin ni kẹ yàn. Wẹ́dà ẹ̀bá títì lè jó férémù irin tó bá sán padà. Kò lè fi ẹ̀rọ kan náà jó alumíníọ̀mù. Férémù irin ló gbé àwọn bàbá wa rìn láyé kẹ̀kẹ́ Raleigh tó ń ti Nottingham wá, òun náà ló sì wà lára Phoenix ti Shanghai àti Hero ti Íńdíà tí ẹ ṣì lè rí lónìí. Ẹ wo ibi tí irin ti pàdé irin, pàápàá nísàlẹ̀ ọrùn níwájú. Bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́ níbẹ̀ tàbí tó wú, wọ́n ti fi kọlu nǹkan rí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Bíréèkì

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ni pé kó dúró nígbà tí mo bá ní kó dúró. Lójú ọ̀nà tí Márúwá ti lè dúró gbé èrò níwájú yín láìtan iná kankan, kò sí ohun tó ṣáájú èyí.

Ríìmù ni kẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: ti irin tí wọ́n fi kúrómù bò kó lè máa dán, àti ti alumíníọ̀mù. Bí omi bá ti kan ríìmù irin, rọ́bà bíréèkì á máa yọ̀ lára rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì ti lọ jìnnà kó tó dúró. Alumíníọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà ń yọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń di mú. Ojú lè tan yín jẹ, torí náà ẹ mú òòfà, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi kan ríìmù náà. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí owó kò bá tó láti pààrọ̀ ríìmù méjèèjì, ẹ pààrọ̀ ti iwájú, nítorí pé bí a bá tẹ bíréèkì, iwájú ni gbogbo ìwúwo ara wa máa ń ti lọ, bíréèkì iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Àwọn kẹ̀kẹ́ kan ní bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ẹ máa yí pẹ́dàlì sẹ́yìn ni kó tó di mú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ ọ́ kúrò. Òjò kì í dé inú rẹ̀. Ẹ kàn fi bíréèkì ọwọ́ kún un níwájú.

Rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ kan ara ríìmù nìkan. Bó bá ga jù, á máa jẹ táyà títí táyà á fi bẹ́; bó bá rẹlẹ̀ jù, ó lè yọ̀ bọ́ sínú sípóòkù, ìyẹn sì ni ìṣubú tó burú jù lọ. Ẹ fi àyè bíi mìlímítà 2 sílẹ̀ láàárín rọ́bà àti ríìmù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá di ọwọ́ bíréèkì mú pẹ̀lú gbogbo agbára yín: bó bá kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wáyà ti dẹ̀, ẹ fà á le. Wáyà tí ẹyọ okùn rẹ̀ kan bá ti já, ẹ má dúró dìgbà tí èkejì máa já. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà máa ń nípọn ju ti kẹ̀kẹ́ lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé sí ojú ihò rẹ̀, nítorí náà ẹ ra ti kẹ̀kẹ́ méjì, kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́.

Táyà, àti irin wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà

Ọ̀tá táyà lágbègbè ilé iṣẹ́ ju ìṣó àti ìgò fífọ́ lọ. Ẹ wo ẹ̀bá títì níbi tí táyà tírélà ti bẹ́: àwọn okùn irin tín-ín-rín tó wà nínú táyà yẹn máa ń fọ́n ká sínú iyanrìn. Ojú kò tètè rí wọn. Wọ́n á gún táyà kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ẹ lè lẹ tiúùbù lẹ́ẹ̀mẹta kó tún jò lẹ́ẹ̀kẹrin, nítorí pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ kò wá ohun tó gún un. Nígbàkúùgbà tí táyà bá jò, ẹ fi aṣọ àkísà nu inú rẹ̀ yípo. Aṣọ náà máa há síbi tí okùn irin bá wà; ẹ má fi ìka ṣe é.

Táyà tí eyín rẹ̀ tóbi bíi ti orí òkè máa ń gba agbára lọ lásán lórí ọ̀dà. Èyí tó ń dán láìní eyín rárá sì máa ń yọ̀ bó bá kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sí ẹrẹ̀ àdúgbò. Èyí tí àárín rẹ̀ tẹ́jú, tí eyín wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ló bá ọ̀nà wa mu. Lórí àgbá 26, èyí tó fẹ̀ tó 1.95 tàbí 2.125 dára gan-an: ó ń gba kòtò mọ́ra, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Mo fẹ́ràn àgbá 26 ju 29 lọ fún ìdí kan ṣoṣo, pé táyà àti tiúùbù rẹ̀ rọrùn láti rí.

Bí ẹ bá fẹ́ dín jíjò kù, ẹ wá ògbólógbòó táyà tó tín-ín-rín ju tiyín lọ díẹ̀. Ẹ gé etí rẹ̀ méjèèjì tó ní wáyà kúrò, kí ẹ tẹ́ ohun tó kù sínú táyà yín, láàárín òun àti tiúùbù. Ẹ fi ọ̀bẹ fá etí ibi tó ti pàdé ara rẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́, kó má baà máa ha tiúùbù. Kẹ̀kẹ́ á wúwo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ó dé ibi iṣẹ́. Ẹ tún wo inú ríìmù: ẹ gé ọ̀já fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ara tiúùbù àtijọ́ láti fi bo orí sípóòkù, torí pé ibẹ̀ náà ń gún tiúùbù láti inú.

Ẹ rí i pé ẹnu tiúùbù yín jẹ́ irú ti ọ̀kadà àti mọ́tò, kí fọ́kanáísà tó bá wà nítòsí lè fọn ọ́n. Àmọ́ ẹ dúró tì í o. Ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń fọn táyà tírélà lè bẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ sọ fún un pé kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa fi géèjì wò ó. Fún táyà tó fẹ̀ bí ínṣì 2, tí ẹni tó ń gùn ún wọn bíi kìlógíráàmù 70, 40 sí 50 PSI lórí géèjì tó. Ẹ ka iye tí wọ́n kọ sára táyà, kí ẹ má sì kọjá èyí tó ga jù níbẹ̀.

Ẹ ka sípóòkù àgbá ẹ̀yìn. Àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ máa ń fi 32 síwájú àti 40 sẹ́yìn, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Bí tiyín bá jẹ́ 36, ó dára. Bó bá jẹ́ 28, tí ẹ sì máa ń gbé ẹrù, kòtò kan lásán ló máa wọ́ ọ.

Ẹrẹ̀ àti eruku

Mọ́dígáàdì ni ohun tí àwọn tòkunbọ̀ kì í sábà ní, òun náà sì ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ lóṣù kẹfà àti ẹni tó máa gbé e kọ́ ògiri. Ẹ ra èyí tó gùn, tó bo táyà dáadáa, kì í ṣe pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìdí ìjókòó. Ẹ gé awẹ́ kan láti ara kéègì tàbí tapólì tó nípọn, kí ẹ dè é mọ́ ìsàlẹ̀ mọ́dígáàdì iwájú kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí ilẹ̀. Awẹ́ yìí kò náni ní nǹkankan, ṣùgbọ́n òun ló ń gba bàtà yín lọ́wọ́ ẹrẹ̀, òun ló sì ń gba ṣéènì àti bẹ́rìn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ iyanrìn. Ìborí ṣéènì náà ṣe pàtàkì, pàápàá fún obìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí ìró. Fún wọn, férémù tí irin òkè rẹ̀ wálẹ̀ ló rọrùn jù láti gùn àti láti sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀gbẹ́ àgbá ẹ̀yìn, aṣọ ò ní wọ inú sípóòkù.

Gíríìsì àti ọ́ìlì tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe fún ṣéènì. Méjèèjì máa ń kó iyanrìn jọ, iyanrìn á sì máa lọ irin. Aṣọ gbígbẹ ni kẹ fi nu ṣéènì, kí ẹ kán ọ́ìlì tuntun tó ṣàn sí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì tún nu èyí tó kù síta kúrò. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tún un ṣe. Nígbà ọyẹ́, ẹ dín ọ́ìlì kù, kí ẹ fi nínù kún un.

Rúlà ni ẹ máa fi mọ̀ bí ṣéènì bá ti gbó. Ẹ gbé òdo rúlà sí àárín píìnì kan. Bí píìnì mìíràn bá bọ́ sí ínṣì 12 gan-an, ṣéènì ṣì dára. Bó bá ti kọjá 12 pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá kọjá pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ti jẹ eyín sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn náà, ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Àwọn tó bá ṣe èyí lásìkò ń ra ṣéènì nìkan.

Ní ti jíà, ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òkè. Eyín 44 níwájú àti 18 lẹ́yìn lórí àgbá 26 máa gbé yín lọ bíi mítà 5 fún ìyípo ẹsẹ̀ kan. Bí ẹ bá fi 22 rọ́pò 18, á di mítà 4 ó lé díẹ̀: ẹ ò ní yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó lè gun bíríìjì Ṣàngó pẹ̀lú ẹrù láìdìde lórí ìjókòó. Fún ẹni tó ń gbé ẹrù lójoojúmọ́, 20 tàbí 22 ni mo máa yàn.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa bá ara yín mu

Ẹ jókòó, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán láì jẹ́ pé ìdí yín yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá ń fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wa á, orúnkún á ká díẹ̀, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ń gbé ìjókòó wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè kan ilẹ̀ kalẹ̀, orúnkún wọn ló ń san gbèsè rẹ̀. Ọ̀pá ìjókòó ní àmì kan lára. Àmì náà kò gbọdọ̀ jáde síta. Ẹ gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè kó bá ìjókòó dọ́gba tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀, kí ẹ lè máa rí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ láìna ọrùn.

Ẹrù, ẹ̀yìn ni kó wà, kó sì wà nísàlẹ̀. Kárià onírin tí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin dè ni kẹ lò. Ohun tó wù mí jù lórí rẹ̀ ni kéègì 25 lítà méjì tí a la ẹ̀gbẹ́ wọn, tí a lu ihò sísàlẹ̀ wọn kí omi lè jáde, tí a sì fi bóòtù àti wáṣà dè mọ́ ọ̀tún àti òsì kárià. Oúnjẹ, aṣọ iṣẹ́, aṣọ òjò, gbogbo rẹ̀ á wọlé. Ẹ sún wọn sẹ́yìn tó kí gìgísẹ̀ yín má baà máa gbá wọn. Ẹrù tó bá wúwo tí ẹ bá gbé kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á máa fa kẹ̀kẹ́ kiri nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà fún kòtò.

Tírélà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Awakọ̀ tírélà jókòó sókè, lápá òsì. Ẹni tó bá wà lápá ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀, tàbí níwájú imú ọkọ̀ gan-an, kò sí lójú rẹ̀ rárá. Bó bá fẹ́ yà sápá ọ̀tún wọ géètì ilé iṣẹ́, á kọ́kọ́ ṣí sápá òsì kí ìdí ọkọ̀ lè rí àyè. Àlàfo tó bá ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún nígbà náà máa ń wu oníkẹ̀kẹ́ láti gbà kọjá. Ẹ má gbà á. Táyà ẹ̀yìn tírélà kì í tẹ̀lé ipa ti iwájú. Ó máa ń gé ọ̀nà kúrú, orí àlàfo yẹn gan-an ló sì máa gbà. Bí tírélà bá dúró tàbí tó rọra ń lọ nítòsí géètì tàbí ìkóríta, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ẹ ti lè rí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí yín.

Dígí ọ̀kadà tó ní ìdè máa ń wọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láìsí wàhálà, nítorí pé ọwọ́ méjèèjì sábà máa ń nípọn bákan náà, ìyẹn bíi mìlímítà 22. Apá òsì ni kẹ fi sí, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kọjá lára yín. Fún ìdájí àti alẹ́, iná pupa lẹ́yìn ṣáájú iná iwájú. Dáínámò àtijọ́ tó ń fi ara ha táyà ṣì wúlò torí kò nílò iná mànàmáná ilé, àmọ́ ó máa ń kú nígbà tí ẹ bá dúró. Bí ẹ bá ní in, ẹ fi iná oníbátìrì kan kún un lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ra rìfílẹ́kítọ̀ pupa àti funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tírélà. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ lẹ pupa mọ́ mọ́dígáàdì ẹ̀yìn, funfun síwájú, kí ẹ sì lẹ díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pẹ́dàlì. Ti pẹ́dàlì yẹn, bó ṣe ń lọ sókè sódò, ló máa tètè sọ fún awakọ̀ pé ènìyàn ló wà níwájú òun. Akoto náà kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ẹ yẹra fún ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta níbikíbi tí àdúgbò bá ti lè gbé yín kọjá. Àwọn tó ń gba Ìjókò máa gba orí irin ọkọ̀ ojú irin kọjá: ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí táyà gba orí irin náà ní ìbú, pàápàá bí òjò bá ti rọ̀. Ẹni tó bá gbà á ní ìdagẹ̀rẹ̀, irin yẹn á gbé táyà rẹ̀ lọ. Níbi tí omi bá sì ti bo ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ omi yẹn.

Níbi iṣẹ́, ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo de férémù àti àgbá ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, níbi tí màìgádì ti lè máa rí i. Bí àgbá yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán tú, ẹ fi nọ́ọ̀tù rọ́pò rẹ̀. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, kí ẹ da nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ férémù kọ sílẹ̀ nílé.

Nínú àpò kékeré abẹ́ ìjókòó, ẹ kó tiúùbù kan, sọ̀lúṣọ̀n àti rọ́bà ìlẹ̀, ọ̀pá táyà méjì, póńpù kékeré, àti sípánà tó bá nọ́ọ̀tù àgbá yín mu. Bí ẹ bá fẹ́ tú pẹ́dàlì, ẹ rántí pé ti òsì máa ń yí lódì: apá ibi tí ẹ ti máa ń fún nọ́ọ̀tù mìíràn ni ẹ máa yí i sí kó tó tú. Wọ́n ti fi agídí ba ojú ihò ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ jẹ́ nítorí èyí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dè ló máa dẹ̀ díẹ̀. Sípóòkù tuntun á ti jókòó sí àyè rẹ̀, wáyà bíréèkì á ti nà, bóòtù kárià á ti gbọ̀n. Ẹ padà lọ bá alátùn-únṣe kan náà tó bá yín ṣiṣẹ́, kó yí àgbá wò, kó sì fún gbogbo bóòtù le. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ tẹ táyà, ẹ fa bíréèkì, ẹ nu ṣéènì, kí ẹ sì gbé kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀ kí ẹ jù ú sílẹ̀: ohun tó bá dún gbangan ni kẹ wá sípánà fún.